Agogo Ojú Fèrèsé Kì í Ṣe Idẹ Mọ́

"Ẹ ṣí fèrèsé yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ n máa gbọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín, ọkọ mi, bá mi sọ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì wà níbẹ̀. Agogo afẹ́fẹ́ onídẹ tó so síbẹ̀ ló ń wí. Ó dáa, fèrèsé ṣí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ni mò ń gbọ́? Ṣín, ó ti tán. Ṣé bí idẹ ṣe ń dún nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé okùn tuntun ló fà á. Ẹ̀yin lẹ mú un lọ, ẹ ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ okùn tó ti gbó. Ṣé okùn ló ń dún ni?

Oríṣiríṣi la ti so síbẹ̀ kó tó kan idẹ. A so ọparun, kó-kó-kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà? A so dígí, ó ń dún bí ìgbà tí abọ́ fẹ́ fọ́, kò jẹ́ kó sùn. A so alumíníọ̀mù, ohùn ẹ̀ mọ́, àmọ́ kò lẹ́mìí. Idẹ nìkan ló ń pẹ́. Á dún, á máa hùn lọ, èèyàn á rò pó ti dákẹ́, kò tíì dákẹ́. Òun ló yàn.

Kí n fi mágínẹ́ẹ̀tì wò ó kẹ̀? Mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú idẹ, kì í sì í mú alumíníọ̀mù. Ta ló kọ́ yín ní èyí? Ẹ gbé e wò, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Ẹ wo ibi tí èékánná mi họ, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, funfun ló wà lábẹ́.

Ẹ kó aṣọ rẹ̀, ṣé mo wí nǹkan kan? Ẹ kó bàtà, mo ní kò burú, ọmọ ìyá rẹ̀ ni yín. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ gbé báàgì yín ka orí àga lẹ́ẹ̀kan, nǹkan kan dún nínú rẹ̀, kò sì tètè tán. Ẹ wá wúkọ́ bò ó. Irú ikọ́ wo nìyẹn? Àbí agogo idẹ yẹn lẹ ń gbé kiri ni?

Ẹ gbé e jáde, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì kó oògùn rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Mi ò tíì fọ kọ́ọ̀pù tó fi mumi kẹ́yìn. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ agogo yìí fún ìyá yín. Mi ò tíì fọwọ́ kan báàgì yẹn.