Mo Wá Gba Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Padà

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í ṣe gbogbo àdúrà ló máa ń gbà. Orúkọ mi ni Délé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ mí, èmi ni mo máa ń to àga. Pásítọ̀ ní kí n kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀ kí n tó wá kà á, torí ìgbà tí mo jẹ́ ẹ̀rí kẹ́yìn, ohun tí mo sọ kò dáa. Ìwé mi ò pọ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ̀rí ìgbà yẹn ni mo wá gbà padà. Ẹ ó rántí. Mo dúró síbí yìí, mo ní Ọlọ́run ti gba ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kúrò lọ́wọ́ eré hockey, gbogbo yín sì ké Hallelujah. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ìlà kẹta, wọ́n ti fi cast di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́. Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ lé e láti bi í pé kí ló dé. Hallelujah yẹn ń bí mi nínú títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ní Calgary ń gba layoff, èmi náà gba tèmi. Yard kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń fọ páìpù tí wọ́n fi ń wa epo. Wọn ò pè wá jókòó, wọn ò bá wa sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Monday kan, mo fi káàdì mi kan gate, gate ò ṣí. Security kan gbé páálí jáde, bàtà iṣẹ́ mi àti flask mi wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Sorry, buddy." Buddy. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò mọ orúkọ mi. Mo gbé páálí yẹn wọ bọ́ọ̀sì délé ní Forest Lawn, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò tú u.

Basement kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Sister Tóyìn, jọ ń gbé. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn ló ti ń gbá hockey, gólíkípà ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ti orí yìnyín o. Orí pápá kan tó dà bíi kápẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n á bomi rin ín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè máa yọ̀ lọ geere. Ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí gólíkípà fi ń wọ ìbòjú àti ìbọ̀wọ́ ńlá, tó sì ń di tìmùtìmù mọ́ ẹsẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wà wọ líìgì gbogbo Canada fún àwọn obìnrin lọ́dún yẹn. Wọ́n ń lọ bá àwọn ará Vancouver, àwọn ará Toronto ń wá bá wọn, bẹ́ẹ̀ ni láti oṣù karùn-ún títí ìgbà ooru fi parí. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe kẹ́yìn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú líìgì.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ èyí. Orúkọ iléeṣẹ́ tó lé mi ló wà láyà ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣeré. Àwọn ni sponsor wọn, àwọn ló ń náwó sí ẹgbẹ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi á fọ ẹ̀wù yẹn, á sá a sórí okùn nínú basement, èmi á jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, orúkọ yẹn á máa wò mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wọ nǹkan yìí mọ́."

Ó ní, "Ṣé kí n máa ṣeré ní ìhòhò ni? Délé, jọ̀ọ́, lọ wẹ̀."

Kò pẹ́ rárá tí iléeṣẹ́ yẹn fi já àwọn náà sílẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn ra tape dúdú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ yẹn, wọ́n ń ṣeré wọn lọ. Èyí ló wá bí mi nínú jù. Wọ́n já èmi sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀. Wọ́n já wọn sílẹ̀, wọ́n lẹ tape.

Bùrọ̀dá kan wà nínú prayer group wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló wà nínú ilé wa tí iṣẹ́ ò fi wá. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní kí n rò ó dáadáa. Mo wá ní bóyá ìbòjú tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣe gólíkípà, tó máa ń wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ó ní, "Ìbòjú. Nínú yàrá tí o ń sùn. O sì ń wá iṣẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbààwẹ̀. Mo gbàdúrà lòdì sí ẹgbẹ́ yẹn bí ẹni ń gbàdúrà lòdì sí àjẹ́. Mo ní kí wọ́n tú ká, kí wọ́n máa pàdánù, kí ohun tó so ẹ̀gbọ́n mi mọ́ eré yẹn já. Mo mú ìgò òróró tí wọ́n pín fún wa níbí lẹ́yìn àwẹ̀ ọdún tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣí báàgì rẹ̀, mo ta òróró sára ìbòjú, mo dà á sínú ìbọ̀wọ́, mo fi èyí tó kù ra ọ̀pá rẹ̀ látòkè délẹ̀, títí kan ibi tó ti ń dì í mú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á wọlé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ nílé Ọlọ́run: mi ò rò ó pé yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé yóò yọ̀, bí inú ṣe ń bí mi tó, mo ṣì máa ra á.

Ní Saturday, àwọn ará Winnipeg wá. Mo lọ wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa lọ wo ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, torí kí n lè rí i bí wọ́n ṣe máa pàdánù. Bọ́ọ̀lù kan ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi na ọ̀pá rẹ̀ síwájú láti gbá a dànù, ọ̀pá náà fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja. Ó wá fi ara rẹ̀ dí ojú ilé, ọmọ Winnipeg kan sì ṣubú lé e lọ́wọ́. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú ìbòjú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run foríjì mí, ni pé àdúrà ti gbà.

Lọ́jọ́ kejì ni mo wá jẹ́ ẹ̀rí fún yín.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ìdáná, kò tíì bọ́ bàtà.

Ó ní, "O fi ọwọ́ mi jẹ́ ẹ̀rí."

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé—"

"Ọwọ́ tí mo fi ń gbé arúgbó dìde. Ọwọ́ tí mo fi ń ro ẹ̀bà tí ò ń jẹ. O ní Ọlọ́run ló ṣẹ́ ẹ. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Kò sì tíì mọ̀ nípa òróró o. Èmi náà, ẹ gbọ́ ìwà, mo ń bínú sí i pé ó jáde kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọmọ ilé ìwé kan tó ń jẹ́ Megan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò ní irinṣẹ́ tó dáa, ẹ̀gbọ́n mi wá yá a ní tirẹ̀: ọ̀pá, ìbọ̀wọ́, gbogbo ẹ̀. Wọ́n pàdánù. Wọ́n tún pàdánù. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ni wọ́n kẹ́yìn ní líìgì. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ yẹn torí kò lè fi ọwọ́ kan gbé báàgì. Lẹ́yìn eré, ọmọ yẹn wá bá a, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ara ṣòkòtò, ó ń nù ún, ó tún ń nù ún.

Ó ní, "I can't hold it, Toyin. My hands are stupid."

Ẹ̀gbọ́n mi gbá a mọ́ra. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ìbẹ̀rù ni.

Mo dúró pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń gbé kiri, ti gate, ti buddy, ti tape, mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè gbé e lé lórí mọ́. Ó padà wá sórí mi.

Nínú train ni mo ti sọ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Òróró ni."

"Òróró wo?"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo dà á."

Ó wò mí títí train fi kọjá ibi tó yẹ ká ti sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mú èmi àti báàgì náà dání lọ sí Chestermere, sílé coach wọn. Ìyá òyìnbó kan báyìí ni, ó ń gé koríko nígbà tí a dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tell her." Mo sọ ọ́.

Coach pa ẹ̀rọ koríko. Ó ní, "Olive oil? Like, for salad?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Anointing oil."

Ó ní, "What's the difference?"

Ó kọjú sí mi, ó fẹ́ mọ̀ ni, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí mo dà yẹn, kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú ẹ̀.

Ó gbé bákẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ ìfọbọ́ fún mi. Níwájú ilé rẹ̀ ni mo ti fọ gbogbo irinṣẹ́ yẹn, mo sì ya tape tí wọ́n fi wé ọ̀pá náà kúrò, mo fi tuntun wé e. Ó ní títí season máa fi parí, èmi ni n ó máa bomi rin pápá. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Á se oúnjẹ, á bò ó sílẹ̀ fún mi, á wọ yàrá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nínú basement tí èèyàn ti ń gbọ́ èémí ẹnìkejì.

Mi ò lè gbàdúrà kí ẹgbẹ́ wọn borí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi gbà á? Ohun kan ṣoṣo tí mo ń sọ nídìí rọ́bà gígùn tí mo fi ń fọ́n omi ni pé, Bàbá, èyí tí mo gbà ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á ya.

Ọwọ́ Megan dúró, wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ku game kan. Bí wọ́n bá pàdánù rẹ̀, ó parí. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n dúró. Dókítà ti tú cast, ó ní ẹ̀gbọ́n mi lè ṣeré bó bá di ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Mo bomi rin pápá láàárọ̀ yẹn.

Gólì kọ̀ọ̀kan ni àwọn àti àwọn ará Toronto ní nígbà tí rẹfirí fún àwọn ará Toronto ní pẹ́nárítì. Ó ku ẹni tó máa gbá a àti ẹ̀gbọ́n mi péré. Mo jókòó sórí rọ́bà omi tí mo ti ká jọ, mo gbójú sílẹ̀. Mo kàn gbọ́ gbì, bí ìgbà tí nǹkan bá kan tìmùtìmù, lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Mo wòkè, ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ lápá òsì, bọ́ọ̀lù ti jáde. Ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ta ọ̀mì. Wọ́n dúró nínú líìgì. Ó bọ́ ìbòjú, ó wá bá mi níbi ẹ̀rọ omi.

Ó ní, "Délé. O ò bomi rin apá òsì gólì mi dáadáa. Wo orúnkún mi, ó ti bó."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti Chestermere nìyẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Iṣẹ́ ò tíì wá, ẹ̀yin ará. Mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti tú páálí yẹn, bàtà inú rẹ̀ ni mo wọ̀ bomi rin pápá títí season fi parí. Inú ṣì ń bí mi sí bùrọ̀dá yẹn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló da òróró. Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ àdúrà mi, òun náà ló máa gbà mí lọ́wọ́ ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wà ní ìlà kẹta lónìí. Hallelujah tí ẹ ké nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á padà. Tuntun ni mo ń tọrọ, kí ẹ sì wò ó dáadáa kí ẹ tó ké e. Sister Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín sókè.

Ọwọ́ náà nìyẹn. Ẹ bá wa yọ̀.