Àmì Pupa Ara Igi Ọmọ̀

Igi wó lù mí lẹ́ẹ̀mejì. Ejò bù mí jẹ létí odò, ẹsẹ̀ kan ni mo fi tọ ọ̀nà dé Bọ́lọ́rundúró. Ìwé kẹta ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú. Mo ń ru pákó fún àwọn agégẹdú, mo sun orí ìtì igi nínú òjò, mo fi gààrì gbígbẹ gbé odindi oṣù kan nínú igbó Oǹdó. Ẹ wò mí dáadáa bí mo ṣe dúró yìí. Ta ló tún kù nínú àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá kí yín bó ṣe yẹ. Alága wa, Olóyè Akíntóyè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni igbó yìí, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin àgbà láti Bọ́lọ́rundúró, ẹ̀yin ìyá láti Ọjà Ọba, ẹ kú ìjókòó ìfẹ̀yìntì mi. Ẹ̀yin ẹbí tẹ́ ẹ kó ọmọ àti àgọ́ wá láti Ijapo ní Àkúrẹ́, ẹ kú ìfaradà ẹ̀fọn. Ìbídùnní ìyàwó mi, mo rí ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gé igi kí Olóyè tó pè mí pé kí n wá la ọ̀nà ẹsẹ̀ síbí, kí tọkọtaya àtọmọ lè máa wá rìn, kí wọ́n pàgọ́ sùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Olóyè, ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì ní Ijapo, kí ló fẹ́ wá sùn sílẹ̀ nínú igbó fún?" Wọ́n ní, "Ìwọ sáà la ọ̀nà." Mo là á. Láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó, kò sẹ́ni tó lè la irú rẹ̀. Ojú lásán ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Ọdún mẹ́jọ rèé, ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni wọ́n ń wá? Mo ti rí adájọ́ tó bọ́ bàtà kó lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ewé gbígbẹ páìnì, igi òyìnbó tí wọ́n gbìn síbí. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ìdí páìnì dákẹ́ báyìí, tí ìdí ìrókò sì ń pariwo?" Èmi tí mo ti gé méjèèjì lulẹ̀, mi ò mọ̀. Ariwo igi tó ń wó nìkan ni mo máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Mo padà lọ dúró síbẹ̀. Lábẹ́ páìnì, afẹ́fẹ́ nìkan. Lábẹ́ ìrókò àti àfàrà, ẹyẹ, ọ̀bọ, kòkòrò, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Wọ́n ń rí nǹkan jẹ lára igi ilẹ̀ wa. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ lára páìnì? Ọmọ ọdún mẹ́fà ló kọ́ mi.

Láti àárọ̀ lẹ ti ń yìn mí nítorí àwọn pákó ọlọ́fà tó ń fọ̀nà han àlejò. Mo jókòó, mò ń mi orí. Ẹ má yìn mí mọ́. Jethro ló ni ọgbọ́n yẹn, Jethro tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tó di kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́wọ́. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é.

Ní ọdún kejì, èmi àti òun la jọ ń mú àlejò rìn. Ó ní, "Bàbá Gbémiga, ẹ jẹ́ ká kan pákó ọlọ́fà mọ́ igi." Mo ní, "Mo ti ń sààmì sára igi kí wọ́n tó bí ọ." Mo fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára igi ọmọ̀ mọ́kànlá, láti ẹnu ọ̀nà dé etí odò. Ẹ̀yin agégẹdú tẹ́ ẹ wà níbí ti ń rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ ohun tí àmì yẹn túmọ̀ sí nídìí iṣẹ́ wa: gé e. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ ronú. Olóyè ti gba agégẹdú láti gé páìnì tó ti gbó. Nígbà tí wọ́n rí àmì mi, wọ́n gé ìyẹn náà kún un, gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

Yéwándé, Màmá Olúwatóbi tó jókòó níwájú yìí, ti kó ọmọ rẹ̀ méjì lọ sódò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, kò sí àmì mọ́, ìtì igi ti dí ọ̀nà. Wọ́n rìn káàkiri títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Jethro ló wá wọn rí. Olúwatóbi ń ka òrùka inú kùkùté igi, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe.

Olóyè bi mí pé, "Ta ló kun igi?" Mo ní, "Jethro ló gbé garawa ọ̀dà." Òótọ́ ni, òun ló gbé e. Mi ò sọ ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Wọ́n lé e lọ. Ọdún mẹ́fà ló ti ń wa kẹ̀kẹ́ ní Ọjà Ọba. Èmi ni mo wá kan pákó ọlọ́fà, tí mo gba ìyìn.

Olóyè, mo tàn yín jẹ. Màmá Olúwatóbi, ẹ foríjì mí. Jethro, o mọ̀ pé èmi ni. Kí ló dé tí o ò sọ? Dìde, kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n bi léèrè. Mo rò pé ẹ ṣì ń ro ìdáhùn ni." Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Olóyè, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà igbó rèé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ẹlòmíì, òun ni kẹ́ ẹ fún. Ẹ ti mi orí, mo rí i. Jethro, Olóyè ti gbà, ìwọ ńkọ́? Ó ní òun á gbà á, bí mo bá lè tẹ̀ lé òun dé odò bí àlejò, kí n má sì júwe ọ̀nà fún òun. Ìbídùnní ní, "Kò lè ṣe é." Ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ṣiṣẹ́, ọ̀nà ò ní dí mọ́ yín. Ọmọ tẹ́ ẹ bá mú wọ igbó, tẹ̀rín-tẹ̀rín lẹ máa mú un jáde. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ jókòó gbọ́ mi, ẹ ṣé gan-an o.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Ìbídùnní máa pàgọ́ sáàárín páìnì, torí mi ò sùn nínú àgọ́ rí láyé mi, mo sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bílẹ̀ bá mọ́, Jethro á wà níwájú, èmi á wà lẹ́yìn. Bó bá yà sọ́tùn-ún níbi tí èmi ì bá yà sósì, màá tẹ̀ lé e.