Àpò Ajílẹ̀ Kan, Oko Méjì

Ní Mákùn, níbi tí a ti tò fún ajílẹ̀ ìjọba lọ́dún tí wọ́n ń pariwo pé kí gbogbo wa padà sóko, mo gbọ́ tí tọkọtìyàwó kan láti Ìpara ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má da èyí sídìí ẹ̀gẹ́ mọ́, mo bẹ̀ yín."

"Ṣé o ti gbàgbé bó ṣe dúdú lésìí ni? Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yìn mí."

"Ewé ni wọ́n yìn! Èmi tí mo hú u ńkọ́? Gbòǹgbò bí ìka ọmọdé ni mo bá nídìí rẹ̀. Ṣé ewé ni kí n yan ní gàrí ni?"

Gbogbo wa tá a wà lórí ìlà yíjú padà.

"Ó kúkú ga jù wá lọ."

"Ewúrẹ́ àdúgbò ló jẹ èrè rẹ̀! Àgbàdo wa wà lódìkejì, ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe, ẹ ò bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un. Lọ́dún yìí, kí làwọn ọmọ ó jẹ?"

Nígbà tó kàn wọ́n, ọkùnrin tó ń pín ajílẹ̀ bi ọkọ pé oko kí ló fẹ́ dà á sí.

Ó wojú ìyàwó rẹ̀. "Ẹ bi í," ló wí. "Òun ló ń yan gàrí."