Kòtò Tí A Ti Kírun ní Ẹsẹ̀ Òkè Oníná

Alhamdulillahi! Ẹ bá mi gbé e ga, ẹ̀yin ará àsàlátù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi èémí sí ihò imú Àṣírátù ọmọ mi, tó gba èémí náà lójú mi, tó sì tún dá a padà. Mo tún un sọ, Alhamdulillahi. Ọpẹ́ yìí kò ní tán lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Darkuman, ní Accra níbí, mọ̀ pé fóònù ni mo ń tún ṣe ní Circle. Ẹ sì mọ ohun tí mo fẹ́ràn. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ́ ara mi ní ìmọ̀ òkè oníná. Kò sí olùkọ́ kankan. Bí oníbàárà bá jókòó tó ń dúró de fóònù rẹ̀, èmi á máa wo fídíò òkè tó ń pọ iná. Mo ní ìwé ọmọ iléèwé mẹ́ta tí mo ya àwòrán wọn sí: irú èyí tí òkúta yíyọ́ rẹ̀ ń ṣàn bí oyin, irú èyí tó ń bú gbàmù, bí eérú rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó. Àwọn ọmọ Ghana tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ń pè mí ní Prof Alata, ìyẹn Ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Nàìjíríà. Inú mi a máa dùn sí i. Mo sọ èyí fún yín kí ẹ lè mọ ibi tí wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mo kó ẹbí mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù kéékèèké Cape Verde. A wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Accra dé Dakar, láti Dakar dé Praia, lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú. Àwa mẹ́rin ni: èmi, Sìdíkátù ìyàwó mi, Àṣírátù ọmọ wa kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ìyá mi, Alhaja tó ń ta aṣọ ní ọjà Dansoman. Màámi ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń gbé ìyá wọn lọ sí Mẹ́kà," ó ní. "Ìwọ fẹ́ gbé mi lọ wo òkè tó ń mu sìgá."

"Màámi, ẹ ti lọ sí Mẹ́kà."

"Ṣé wọ́n ní kí n má tún lọ mọ́ ni?"

Ẹ̀rín la fi kúrò nílé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sì dùn. Yanrìn etíkun wọn dúdú bí èédú, bí oòrùn bá pa á, ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. A rí ibi tí òkúta yíyọ́ ti ṣàn wọ inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó sì dì síbẹ̀ bí ògiri, tó ga jù mí lọ. Àṣírátù fi ọwọ́ kan ògiri náà, ó bi mí pé ṣé òkè náà ti kú ni. Mo ní rárá, ó ń sùn ni.

Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ wa, tó ń jẹ́ Nélo, gbé wa lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Nélo ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọkọ̀ apẹja tó ń gúnlẹ̀ sí Tema, nítorí náà ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ọ̀kan nínú táyà rẹ̀ ń jò, ó ní òun máa dúró ti ọkọ̀ láti tún un ṣe, kí àwa máa rìn lọ síwájú. Àmọ́ kí a tó lọ, ó pè mí.

"Ẹ rìn síbi tó bá wù yín," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀kalẹ̀ sínú àwọn kòtò. Ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀, wọn kì í jí. Ìyá mi àgbà ní àwọn ará abẹ́ ilẹ̀ ló ń mú wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mùsùlùmí ni wá, a ò bẹ̀rù ará abẹ́ ilẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé gáàsì olóró tó ń jáde lára òkè oníná a máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, pé bí imú mi ò bá ti gbọ́ òórùn, kò séwu.

Màámi wò mí. "Ẹni tí wọ́n bí síbí lò ń kọ́ ní ìmọ̀ ilẹ̀ ẹ̀," ó ní.

Bí a ṣe ń rìn, àkókò Àìlà tó. Atẹ́gùn ń fẹ́ gidigidi, ó ń gbé ìborí Sìdíkátù, ó ń ká ẹní ìkírun kúrò nílẹ̀. Mo wá ibi tí atẹ́gùn ò dé. Mo rí kòtò kan tó rí bí abọ́ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí a máa kọjú sí, ga sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìn. Mo mí sínú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí òórùn kankan. Ẹyẹ kékeré kan tó ti kú wà níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́yìn kó má bàa kan ẹní wa.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí mo to olúkúlùkù sí. Èmi ni lèmọ́ọ̀mù, nítorí náà mo dúró níwájú, níbi tó ga. Màámi ò lè tẹ orúnkún, òkúta kan ní etí kòtò ló fi ṣe àga, ibẹ̀ ló ti ń kírun. Mo ní kí Sìdíkátù àti Àṣírátù dúró lẹ́yìn mi, bí a ti ń ṣe nílé. Lẹ́yìn mi ni ibi tó jìn jù.

Mo kábárà. Ní ràkáà kìíní, mo pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀, torí mo máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ọkàn mi ń lù kìkì. Mo rò pé òkè tí a gùn ni. A dìde, a tún foríkanlẹ̀ ní ràkáà kejì. Mo jókòó. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí àtẹ́wọ́ obìnrin ń sọ fún lèmọ́ọ̀mù. Ó ń sọ pé ó ti ṣe àṣìṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ṣé ìforíkanlẹ̀ kan ni mo ṣe ni àbí méjì. Mo ní ó lè jẹ́ ọ̀kan. Mo tún forí kanlẹ̀. Àtẹ́wọ́ tún dún, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí n kàn parí ìrun ná, kí n sì fi ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé dí i. Ọmọ mi ń kú lẹ́yìn mi, èmi ń ṣírò ràkáà.

Màámi já ìrun tirẹ̀. "Mùràínà! Fi ìrun sílẹ̀! Ọmọ ẹ ò dìde!"

Mo yíjú padà. Sìdíkátù ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan tó máa dì mú. Àṣírátù ṣì wà lórí ìforíkanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, iwájú orí rẹ̀ wà lórí ẹní, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Kò mira.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Nǹkan ta mí nímú bí ìgbà tí mínírà bá gba imú ẹni jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Gáàsì tó ń hó nínú mínírà gan-an ni. Kò ní òórùn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ bí omi, ó sì ń dúró síbẹ̀ bí atẹ́gùn ò bá gbá a lọ. Ó wà nínú ìwé mi kejì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo kàn rò pé inú ihò jíjìn nìkan ló máa ń wà ni.

Mo fa ara mi sókè kí orí mi lè ga. Mo fa èémí kan, mo dì í mú, mo padà wọlé. Mo gbá Àṣírátù mú lẹ́yìn aṣọ, mo gbé e sókè ju orí mi lọ, Màámi nawọ́ láti etí kòtò, ó gbà á. Nígbà tí mo máa yíjú sí Sìdíkátù, Nélo ti dé. Ariwo Màámi ló gbọ́. Ó fi ìka pa ihò imú rẹ̀ dé láti fi hàn mí, ó di etí ẹní kan mú, èmi náà di ìkejì mú, a wọ́ Sìdíkátù jáde. Ó wúkọ́, ó bì, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ ò dáhùn. Kò mí. Nélo fẹnu sí i lẹ́nu, ó ń fẹ́ èémí sí i. Màámi jókòó sílẹ̀ lórí yanrìn dúdú, ó ń sọ pé "Ọlọ́run, èmi ni kí o mú, èmi ni mo ti pẹ́." Mi ò mọ iye ìgbà tí Nélo fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé àyà ọmọ náà gbéra fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún gbéra.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nísàlẹ̀. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, Nélo ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ọkàn rẹ̀ ń lù, ó sì ń mí. Ṣùgbọ́n kò jí, mi ò sì mọ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa. Bàbá, ìṣẹ́jú mélòó ni kò fi mí?"

Èmi tí mo mọ bí òkúta ṣe ń gbóná tó kó tó yọ́, mi ò mọ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún Sìdíkátù. Kò gbé ojú sókè. "Bàbá Àṣírátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ síta," ó ní. "Bí ẹ bá tún sọ̀rọ̀ gáàsì létí mi, màá ké."

Mo jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Nélo lọ kó bàtà wa. Bàtà àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà létí kòtò, a tò wọ́n dáadáa, ti Àṣírátù ló kéré jù. Nélo so bébà kan mọ́ orí igi, ó ṣáná sí i, ó ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kòtò. Níbi tí mo ti dúró kírun lánàá, iná náà kú nígbà tó dé ibi tí orúnkún mi wà. Ó tún ṣá òmíràn, ó nà án sí ẹ̀yìn, níbi tí ọmọ mi ti kúnlẹ̀. Ibẹ̀ yẹn, ibi tí ìbàdí mi ìbá dé ló ti kú. Ó kú wẹ́rẹ́, bí ẹni tì í bọ omi. Kì í ṣe pé orí Àṣírátù nìkan ló wọ inú gáàsì náà. Bó ti jókòó, gbogbo ara rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

"Ìyá yín àgbà sọ òótọ́," mo wí fún Nélo.

"Kì í ṣe òun nìkan," ó ní. "Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní ojú ọ̀nà, ọmọ tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, Àṣírátù la ojú. Ó wò wá fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ wá. Ó wá ní, "Nsuo." Omi ló ń béèrè, Twi ni ó fi béèrè, bó ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Màámi tó máa ń bá a jà pé kó sọ Yorùbá ló kọ́kọ́ dáhùn. "Nsuo ni, ọmọ mi. Nsuo púpọ̀." Gbogbo wa sunkún. Alhamdulillahi, Alhamdulillahi.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́run. Kò tíì parí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ a sì máa pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà níbí ní ó ń bọ̀ sípò, kí a ní sùúrù. Láti ìgbà tí a ti dé, bí a bá ń kírun nílé, Àṣírátù kì í fi orí kanlẹ̀. Á dúró, á rúkúù, bí a bá wá lọ sílẹ̀, á wà lórí ìdúró, á di èémí mú. Ìyá rẹ̀ ní kí n má fipá mú un. Mi ò fipá mú un. Mo lọ bi ààfáà wa, wọ́n ní ọmọdé ni, kí a fi í sílẹ̀. Wọ́n tún sọ fún mi ohun tó yẹ kí n ti mọ̀: ìrun ṣeé dá padà, ẹ̀mí kò ṣeé dá padà, kí lèmọ́ọ̀mù tó bá gbọ́ ariwo ewu já ìrun rẹ̀.

Sìdíkátù ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà. Ní báyìí, bí a bá ń kírun nílé, òun àti ọmọ ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ yàrá, níbi tí mo ti lè gbúròó wọn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí, tí dókítà ń bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má bẹ̀rù. Mo bẹ̀rù. Ẹ dúró síbẹ̀ tẹ̀rùtẹ̀rù, ẹ máa pe Ọlọ́run, Ó ń gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀bi wà lọ́rùn yín, bí ó ṣe wà lọ́rùn mi, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀bi yín, Ó ń dárí jì. Bí ẹ bá sì dé ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ gbọ́ tẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi dìde lónìí nìyí. Ní Àsúbáà àná, mo wà lórí ìforíkanlẹ̀, mo gbọ́ tí orúnkún kékeré kan lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí nǹkan rọra kan ẹní. Mo pẹ́ níbẹ̀, mo pẹ́ ju bí mo ṣe ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò ṣe àdúà kankan. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́, tó ń wọlé, tó ń jáde.

Ó jókòó síbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ má pè é síwájú, ojú ń tì í. Ẹ kàn bá wa dúpẹ́ ni.