Kílò Mọ́kànlélógójì

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi ní Sokodé. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi. N kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ọmọ Kambolé ni mí, ènìyàn méjì ni mo sì pa.

Oníṣu ni bàbá mi. Láti kékeré, bí mo bá gbé ìdì iṣu, mo máa ń sọ iye kílò rẹ̀ kí a tó gbé e dé ọjà Tchamba, n kì í sì í tàsé. Wọ́n á ní, "Wallahi, ọwọ́ ọmọ yìí, òṣùwọ̀n ni!" Orí mi á wú. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bá nọ́ọ̀sì àgbà kan ṣiṣẹ́ ní Sokodé fún ọdún mẹ́rin. Ohun kan náà ló ń pariwo sí mi létí: "Má fojú wo aláìsàn kí o fa oògùn. Wọ̀n ọ́n! Ìwọ̀n ara rẹ̀ ló máa sọ iye tí o máa fún un." Ó fún mi ní òṣùwọ̀n nígbà tí mo ń padà sílé. Ní Kambolé, mo ń gún abẹ́rẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń pè mí ní Dókítà. Òṣùwọ̀n náà wúwo, mo bá fi í sílé. Mo ń fi ọwọ́ gbé ọmọ bí ẹni gbé iṣu.

Ní ọjọ́ kan, ibà mú ọmọ-ọmọ Ìyá Ráfátù. Mo gbé ọmọ náà, ó jọ pé ó wúwo lọ́wọ́ mi.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé o kò ní wọ̀n ọ́n ni? Ara rẹ̀ wú ni o, kò sanra."

"Ìyá, ọwọ́ mi kì í tàsé."

Ara wíwú ọmọ náà ló tan ọwọ́ mi jẹ, mo sì fún un ní oògùn tó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó kírun Alásárì, ó ti kú. Bàbá rẹ̀ ní àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi náà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ wo ẹnu mi!

Ìyá Ráfátù kò gbà. "Màá sọ fún àwọn jàǹdáámù ní Tchamba. O kò wọ̀n ọ́n!" Láyé ìgbà náà, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá jàǹdáámù bá mú, ilé rẹ̀ lè má gbúròó rẹ̀ mọ́. Jìnnìjìnnì bò mí.

Kí ó tó lọ, ibà mú òun náà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń gún abẹ́rẹ́ nítòsí, àwọn ọmọ rẹ̀ wá pè mí. Ó ní, "Tèmi, wàá wọ̀n mí."

Mo lọ gbé òṣùwọ̀n. Kílò mọ́kànlélógójì. Mo ṣírò oògùn rẹ̀ sórí bébà, kò lé, kò dín. Mo wo iye náà, mo sì fa ìlọ́po méjì rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́.

"O ṣé, ọmọ mi," ó ní. "Bó ṣe yẹ kí o ti ṣe nìyẹn."

Nígbà tó kú, bébà náà ni àwọn jàǹdáámù bá lápò mi, pẹ̀lú àwọn ìgò oògùn tó ṣófo, tí oògùn inú wọn ju iye orí bébà lọ. N kò rí irọ́ pa mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń yìn, ẹ gbọ́ tèmi. Ká ní mo ti dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ráfátù lọ́jọ́ tí ọmọ kú, tí mo ní, "Ìyá, èmi ni, n kò wọ̀n ọ́n," ì bá sunkún, ì bá gbá mi létí, ì bá fà mí lé ìjọba lọ́wọ́ pàápàá, ṣùgbọ́n ì bá wà láàyè. Bí ẹ bá ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi kò sọ ọ́, mo sì pa ìyá arúgbó tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.