Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Òkú Hoyt Tackett

Òótọ́ yìí ti pẹ́ nínú mi jù, ó ti ń rà. Bí mi ò bá tú u síta lọ́sẹ̀ yìí, yóò bá mi wọ kòtò, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gba máíkì lọ́wọ́ mi yóò sì máa gbé irọ́ mi kiri títí ayé. Orúkọ mi ni Verna Pruitt. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi mú àlejò yí Nashville, ìlú àwọn olórin, ká nínú bọ́ọ̀sì pupa Dub Hargis, ọ̀gá mi. Sìgá ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi tán. Dókítà ò sọ pé n ó kú o. Ó kàn béèrè bóyá mo ní ẹbí nítòsí. Ó dáa. Mi ò bẹ̀rù rẹ̀, mi ò bẹ̀rù Dub, mi ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó máa ka ìwé yìí kó pòṣé. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù láyé yìí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni, kò sì gbé ohùn sókè sí mi rí.

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn àtijọ́ wa, èyí tí wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wo olórin, torí wọ́n ń ya fíìmù níbẹ̀. Mo ti mú àwọn èèyàn mi dé àwòṣe ilé òrìṣà àwọn Gíríìkì tó wà nínú ọgbà ìlú, wọ́n ti wo obìnrin oníwúrà gàgàrà tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ti jẹ adìyẹ aláta tán, ètè wọn ń jó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ọtí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà dí wa lọ́nà, ìyàwó ojú ọ̀nà kan àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wọ bàtà awọ funfun ń pariwo lórí rẹ̀. A ò lè lọ síwájú, a ò lè pẹ̀yìn dà. Ọkùnrin kan láti Ohio wá là á mọ́lẹ̀: “Ìyá, ṣé gbogbo ohun tí ìlú yín ní nìyí? Ilé tí wọ́n tì pa, àti ìdí ọmọge?” Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi Verna! Mo lè gba ìyà, mo lè gba èébú, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, rárá. Mo bojú wo òsì, mo rí ilé kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan lábẹ́ igi magnolia. Mo mọ ilé náà. Ilé Hoyt Tackett ni, ẹni tó ti kú ní ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, èyí tó máa ń sunkún bí ọmọ, lẹ́yìn àwọn olórin ní sitúdíò. Ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Òótọ́ yẹn nìkan tó ìtàn. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Ẹ bá mi bi ẹnu mi.

Mo ní, “Ẹ dákẹ́. Ẹ wo ilé yẹn. Ọkùnrin tó gbé ibẹ̀ ló kọ orin ìfẹ́ tó dùn jù lọ ní ìlú yìí, kì í sì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Obìnrin olórin kan, mi ò ní dárúkọ, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi yẹn, á pa iná rẹ̀, á máa dúró. Ìyàwó ilé á wà nídìí ààrò, á máa se ẹ̀wà fún ọkọ tí ọkàn rẹ̀ ti jáde.” Obìnrin kan ń nu ojú. Ọkùnrin Ohio yẹn ṣí fìlà. Inú mi dùn, ẹ gbọ́ ọ, inú mi dùn bí ẹni tó pa ẹkùn!

Mo rò pé ọjọ́ kan péré ni mo máa sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Dub pè mí. “Verna, kí lo sọ fún wọn níbi ilé ìyeyè yẹn? Gbogbo ẹni tó ń pè ló fẹ́ rí ilé olólùfẹ́.” Mo ní, “Irọ́ ni, Dub.” Ó ní, “Ta ló bi ọ́? Ṣáà máa sọ ọ́ lọ.” Mo gbìyànjú láti fò ó lọ́jọ́ kan, kí n gba ibi ilé àwọn ohun ìrántí olórin kọjá; ńṣe ni àwọn àlejò ń fi ọwọ́ gbá àga. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mo ń sọ ọ́. Àwọn bọ́ọ̀sì yòókù gbé e, wọ́n sì fi iyọ̀ sí i: òmíràn ní obìnrin náà bímọ fún un, òmíràn ní iwin rẹ̀ ń sunkún lábẹ́ igi. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti ń jẹ ẹran sísun, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní, “Màdáámù, ẹ ò mọ ìtàn ìlú yìí.” Ó wá dà bí ẹni pé mo ti ara mi mọ́ yàrá, mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ mì. Ṣùgbọ́n èmi ṣì ń jáde kiri. Mísì Imogene, ìyàwó Hoyt, òun ni mo tì mọ́lé ní tòótọ́. Wọ́n ń so rìbọ́n mọ́ igi rẹ̀, wọ́n ń kun ètè ní pupa fẹnu ko géètì rẹ̀, wọ́n ń gun fàráńdà yọjú wo inú ilé. Kò jókòó síta mọ́. Mo ń rí aṣọ fèrèsé tó ń mì, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí ẹ lè mọ bí mo ṣe burú tó. Ṣọ́ọ̀ṣì Mísì Imogene kì í fi ohun èlò kọrin. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń yin Ọlọ́run. Nígbà tó fẹ́ Hoyt, àdéhùn wọn ni pé gìtá kò gbọdọ̀ wọlé. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ọkùnrin náà fi pa àdéhùn yẹn mọ́. Gìtá rẹ̀ ń sùn ní sitúdíò, kì í sì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nídìí oúnjẹ. Nítorí náà, obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ orin.

Ní oṣù kẹwàá, ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà, ó jáde wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Ó wọ súwẹ́tà, ó di bébà kan mú. “Ìwọ ni Verna?” “Èmi ni, mà.” “Láti inú yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ látọdún mẹ́ta. Mo ń sọ fún ara mi pé Hoyt kì í purọ́ fún mi. Àmọ́ mo gbé kóòtù rẹ̀ jáde kí n fi tọrẹ, mo sì bá èyí lápò.” Mo wò ó. Hoyt ló kọ ọ́. “Corinne” wà lókè. Nọ́ńbà ló wà nísàlẹ̀, ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ení, ẹ̀rin, ení, àrún, wọ́n sì fa ìlà yí méjì nínú wọn ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé kọfí wọ sitúdíò rí bíi tèmi ti ń di orí mú. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń ta gìtá níbí kì í kọ orin bí ìyókù ayé. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ fún ohùn gìtá kọ̀ọ̀kan, kó lè rọrùn láti gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ọ̀fun olórin bá ṣe jí lọ́jọ́ náà. Èyí tí wọ́n bá fa ìlà yí ká, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kó máa dún. Corinne kì í ṣe èèyàn. Àkọlé orin ni! Mo mọ̀ ọ́n kó tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bébà.

Ó ní, “Kí ni nọ́ńbà yìí, ọmọ mi? Ṣé ti fóònù ni? Àbí ọjọ́ tí wọ́n ń pàdé ni? Ìwọ lo mọ ìtàn náà, sọ fún mi.” Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. Àmọ́ àlejò kan ti gbé fóònù sókè lẹ́yìn mi, ó ń yà wá, Dub sì jókòó níwájú. Bí mo bá sọ òótọ́, wọn á bi mí pé níbo ni mo ti rí ìyókù. Mo ní, “Ọjọ́ ìpàdé ni, Mísì Imogene. Àwọn tí wọ́n fa ìlà yí ká yẹn, ọjọ́ tó sun ìta ni.” Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sí ẹni tó fi ìbọn sí mi létí. Ó ka àwọn nọ́ńbà náà pẹ̀lú ìka. “Lóòótọ́, ó máa ń sun sitúdíò nígbà mìíràn,” ó ní. “Mo máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú ààrò, kó má bàa tutù.” Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ nìkan lo là á fún mi.”

Níbí, bí ọkọ bá kú, orúkọ tọkọtaya ni wọ́n ń gbẹ́ sórí òkúta kan ṣoṣo. Ọjọ́ ikú ìyàwó nìkan ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, Mísì Imogene ti ní kí wọ́n ha orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó ti sọ fún àwọn tó máa sin ín pé ẹ̀gbẹ́ àbúrò òun ní ìlú Dickson ni kí wọ́n gbé òun lọ. Mo lọ wo òkúta náà. Orúkọ Hoyt wà lósì. Apá ọ̀tún rí bí ibi tí adìyẹ tàn.

Lóṣù tó kọjá, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Verna, nígbà tí o ní Hoyt ṣe é, ojú rẹ ò mì. Nísinsìnyí tí o ní kò ṣe é, ojú rẹ ò mì. Èwo ni kí n mú?” Mo ní, “Mo ń kú lọ, mà.” Ó ní, “Mo rí i. Ṣé o ti jẹun? Ohun tí èèyàn fẹ́ gbọ́ lo ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí, lónìí o wá rò pé èyí ni mo fẹ́ gbọ́. Máa lọ sinmi.” Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ibi tí mo há sí nìyí. Òótọ́ wà lẹ́nu mi, kò sì lè jáde bí òótọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀nà bá dí, ẹ jẹ́ kó dí. Bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá dé ilé ìyeyè, ẹ pa máíkì. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ṣì ń ta gìtá, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù. Ẹni tó bá wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n ta Corinne, ìbáà ṣe ẹni tó ń to wáyà, kó dìde lọ bá Mísì Imogene. Ẹ gbé bébà nọ́ńbà tiyín dání, èyí tí orúkọ obìnrin wà lókè rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí i. Ẹ tètè lọ, torí bí wọ́n bá sin ín sí Dickson tán, kò sẹ́ni tó máa hú u. Bó bá gbà yín gbọ́, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún mi, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ mi. Ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ kó pe ẹni tó ń gbẹ́ òkúta náà padà.