Bíréèkì Ẹ̀yìn Tí Mo Yàn fún Mọ́tò Àlàájì

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mi ò rí àyè sọ ọ́. Mi ò rí ẹni tí màá sọ ọ́ fún ni. Yàrá kan ni mo ń dá gbé ní Agric, ní Ìkòròdú. Àwọn òbí mi wà ní Ọ̀ṣun. Ẹni tí mo máa ń bá sọ̀rọ̀ jù ní gbogbo agbègbè yìí tẹ́lẹ̀ ni ọkùnrin tí mo ṣẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn èèyàn kan fẹ́ lọ bẹ Àlàájì kan ní Ẹ̀pẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Wọ́n ní kí n wà lára àwọn tó máa bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Wọn ò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Màá gbìyànjú kí n má fi kún un, kí n má sì yọ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní yunifásítì. Lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán, mi ò ríṣẹ́ fún ọdún kan ààbọ̀. Mo ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò nílé wọn. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ló mú mi mọ Àlàájì. Àwọn Àlàájì ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ọkọ̀ òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n rí mọ́tò eré sísá kékeré kan ní èbúté kan lókè òkun. Ó pupa, kò lórùlé, ẹni méjì péré ló lè jókòó sínú rẹ̀. Wọn ò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n ní àwọn máa ṣe irú rẹ̀ gan-an nínú ọgbà àwọn ní Ẹ̀pẹ́.

Àwọn tó ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà ló ṣe ara mọ́tò náà. Bọ̀dá Ràṣídì ló ṣe gbogbo èyí tó kù. Mẹkáníìkì ni, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, inú ọgbà Àlàájì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ya àwòrán, kí n sì máa ṣe ìṣirò.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ. Kí n má parọ́, ọjọ́ yẹn nìkan ni inú mi máa ń dùn láàárín ọ̀sẹ̀. Tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, Bọ̀dá Ràṣídì á ti máa pariwo pé, “Àǹtí Ẹnjinníà ti dé o. Ẹ kó gbogbo irin tó bá wọ́ pa mọ́ kí wọ́n tó yọ rúlà.” Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kan bíréèkì ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ di méjì. Bíréèkì dírọ́ọ̀mù, èyí tó rí bí ìkòkò tí wọ́n dé, ló bá irin ẹ̀yìn tí a rà wá. Bọ̀dá Ràṣídì ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé mọ́tò náà fúyẹ́. Àlàájì fẹ́ dísìkì, èyí tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ bí àwo, nítorí pé rẹ́ẹ̀mù onísípókì, oníwáyà bíi ti kẹ̀kẹ́, ni wọ́n fẹ́ lò, wọ́n sì fẹ́ kí dísìkì máa tàn láàárín rẹ̀. Èmi náà fara mọ́ dísìkì. Mo ní kì í tètè gbóná jù, omi òjò kì í sì í dúró sínú rẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Mi ò tíì ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni irú dísìkì tí mo yàn. Tòkunbọ̀ méjì ni a rí. Ọ̀kan kéré, ara mọ́tò kékeré ni wọ́n ti tú u, ṣùgbọ́n apá bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Èkejì tóbi, ara jíìpù ló ti wá, ó sì mọ́ tónítóní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀ níbí. Tí bíréèkì bá di mọ́tò tó ń sáré mú, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún síwájú, ẹ̀yìn á wá fúyẹ́. Tí bíréèkì ẹ̀yìn bá lágbára ju ìwúwo tó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ní yí mọ́ nígbà tí mọ́tò ṣì ń lọ. Ìdí mọ́tò á yọ̀, á sì fẹ́ kọjá iwájú. Nítorí náà, kí èèyàn tó yan èyí tó tóbi, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ̀yìn mọ́tò náà ṣe wúwo tó. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń méfò.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà ní ìwọ̀n ńlá. Èmi ni mo sọ pé màá gbé mọ́tò náà dé ibẹ̀. Sátidé tí a fẹ́ lọ, òjò rọ̀, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní ọmọ tí mo fẹ́ lọ kọ́. Mo ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo wo ìwúwo ojúlówó mọ́tò náà, èyí tí wọ́n fi irin ṣe, mo sì fi ṣe ìṣirò mi, ó sì jáde pé ká lo dísìkì tó tóbi. Nínú ìwé tí mo fún Àlàájì, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìwúwo náà pé, “A ti wọ̀n ọ́n.”

A ò wọ̀n ọ́n.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti ṣèlérí fún Àlàájì pé ìṣirò á parí lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá ní kò tíì parí, wọ́n á rí i pé àwọn lè ṣe mọ́tò náà láìsí èmi, àti pé mi ò ní ibi tí màá máa lọ lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ pé ó tó ìdí.

Bọ̀dá Ràṣídì gbé dísìkì ńlá náà lọ́wọ́, ó wò ó títí. Ó ní, “Àǹtí Ẹnjinníà, èyí máa lágbára jù fún ìdí mọ́tò yìí. Fáíbà nìyí o, kì í ṣe irin. Jẹ́ ká fi fáàfù kékeré kan sí i, kó dín agbára tó ń lọ sẹ́yìn kù.”

Mo ní, “Ìṣirò ò béèrè fún un, Bọ̀dá.”

Ó ní, “Kò kúkú ní béèrè. Ṣé ìṣirò ló máa jókòó sídìí sítíárìn ni?”

Àlàájì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ràṣídì, ọmọ yìí kàwé ẹ̀. Ṣe é bó ṣe wí.” Ó sì ṣe é bí mo ṣe wí.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà jáde sójú títì, òjò ń fọ́n díẹ̀díẹ̀. Bọ̀dá Ràṣídì ló wà á, Àlàájì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wà nínú mọ́tò àbúrò Àlàájì tó ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kadà kan já wọ títì lójijì. Bọ̀dá Ràṣídì tẹ bíréèkì. Mo fi ojú mi rí i pé ìdí mọ́tò náà ló kọ́kọ́ yà. Ó yí po, ó wọ igbó, ó sì lọ gbá kọnkéré ojú gọ́tà. Bọ̀dá Ràṣídì kàn fara bó ni. Egungun itan Àlàájì dá. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn títí dòní.

Nígbà tí wọ́n dé láti ọsíbítù, wọ́n pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀ wọn. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Bọ̀dá Ràṣídì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bóyá afẹ́fẹ́ ló ṣì kù nínú páìpù bíréèkì, sà. Mo fà á jáde o, àmọ́ iṣẹ́ ẹni méjì ni, èmi nìkan ni mo dá ṣe é.”

Àlàájì yíjú sí mi. “Ọmọ mi, ṣé afẹ́fẹ́ lè fa irú ẹ̀?”

Mo ní, “Ó ṣeé ṣe, sà.”

Afẹ́fẹ́ nínú páìpù máa ń jẹ́ kí bíréèkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni. Kì í mú kí ìdí mọ́tò yí. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń lanu. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà mi lè ní mi ò kúkú sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ti gbìyànjú láti fi ìyẹn gbèjà ara mi. Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àbúrò Àlàájì ní, “Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.” Wọ́n ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà. Mo bá a gbé àpótí kan dé ẹnu géètì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ wọn ẹ̀yìn mọ́tò tó bàjẹ́ náà fúnra mi. Ó fúyẹ́ gan-an ju iye tí mo kọ lọ. Mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ló ń sọ, pé dísìkì ńlá náà lágbára jù. Mo ká ìwé náà, mo fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi.

Láàárín oṣù yẹn ni Àlàájì fi mí sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé mi ò kì í sọ ohun tí mi ò bá wọ̀n.

Bọ̀dá Ràṣídì ń tún kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe ní Ìpakodò báyìí. Mo yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó nu bẹ́ǹṣì fún mi kí n jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní, “Ràṣídì Kò-Dúró, tún bíréèkì mi ṣe o, àmọ́ ìwọ kọ́ ló máa dán an wò.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mi ò padà lọ síbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Bọ̀dá Ràṣídì pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun àti ààfáà àdúgbò àwọn ló fẹ́ mú òun lọ bẹ Àlàájì, pé bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun padà. Ó ní ẹni tí Àlàájì máa ń gbọ́ tirẹ̀ ni àwọn fẹ́ kó ṣáájú, ìyẹn èmi. Kí n kúnlẹ̀, kí n bá òun bẹ̀bẹ̀.

Ó tún ní, “Ààfáà ní kí n má kàn máa bẹ̀bẹ̀ lásán, kí n sọ ohun tí mo ṣe. Àǹtí Ẹnjinníà, mo ti rò ó títí, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ìwọ lo mọ̀wé. Bá mi kọ ọ́ síbì kan. Kí ni mo ṣe gan-an?”

Mo ní màá kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bọ̀dá Ràṣídì àti Àlàájì nìkan ló gbà pé mo wúlò fún nǹkan nígbà tí mi ò rí ẹlòmíì, n ò sì mọ ẹni tó máa kù fún mi tí wọ́n bá gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé tí mo bá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú láìsọ ọ́, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láyé mi.

Ẹ dárí jì mí. Mo jókòó láti kọ ohun tó ní kí n bá òun kọ, èyí tí ẹ kà yìí ló jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ gbé e fún, Bọ̀dá Ràṣídì ni tàbí Àlàájì?